Nsukka: Ìtàn ìlú kékeré tó ń yọ̀ bí géètì fásitì bá ṣí, tí ọjà rẹ̀ ń tú bí wọ́n bá tì í

Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, ASUU, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 14, oṣù Kejì, ọdún 2022, ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n pè é. Oṣù mẹ́jọ gbáko ló padà gbà.

Ní ìlú ńlá bíi Èkó tàbí Kánò, ẹni tí kò bá ní ọmọ ní fásitì lè má fura pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń ná ọjà, ọkọ̀ ń rìn, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ kò dín kù. Àmọ́ ìlú kan wà ní ìpínlẹ̀ Enugu tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í pamọ́ níbẹ̀. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá yóò mọ̀, ìyá tó ń ta oúnjẹ àárọ̀ yóò mọ̀, onílé tó kọ́ ogún yàrá sẹ́yìn ọgbà fásitì yóò mọ̀, ọmọkùnrin tó ń ṣe fotokọ́pì lẹ́bàá géètì náà yóò sì mọ̀.

Nsukka ni ìlú ọ̀hún. Láti ọdún 1960 ni fásitì ti wà níbẹ̀, ó sì ti tó ìgbà mélòó kan tí wọ́n ti géètì rẹ̀: nígbà mìíràn nítorí ogun, nígbà mìíràn nítorí ìjà láàárín ìjọba àti olùkọ́, nígbà kan nítorí àrùn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ayé akẹ́kọ̀ọ́ ṣe rí ní ìlú kékeré tó ní fásitì ńlá, ìtàn ṣíṣí àti títì géètì yìí ló yẹ kó tẹ̀lé.

Kí fásitì tó dé

Nsukka wà ní àríwá ìlú Enugu, ìrìn nǹkan bíi ọgọ́ta kìlómítà. Òkè ló yí i ká, òkè kéékèèké tí koríko bò, ilẹ̀ ibẹ̀ sì pupa dẹ́ndẹ́n. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku pupa yìí ni yóò bo orí igi, orí páànù àti ẹsẹ̀ ọmọ aráyé.

Ìgbò ni àwọn ará ibẹ̀, àmọ́ àwọn Ígálà jẹ́ aládùúgbò wọn ní ìhà àríwá. Nkpunano, Nru àti Ihe n'Owerre ni àdúgbò ńlá mẹ́ta tó para pọ̀ di ìlú náà. Iṣẹ́ oko ni wọ́n mọ̀ jù: iṣu, ẹ̀gẹ́, àti irú ata kan tó máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, tí òórùn rẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó bá mọ ata, bó bá gbọ́ òórùn ata Nsukka ní ẹ̀ẹ̀kan, kò ní ṣì í mú mọ́. Ní Lejja, tí kò jìnnà síbẹ̀, ìdàrọ́ irin tí àwọn alágbẹ̀dẹ ayé àtijọ́ dà sílẹ̀ ṣì wà ní àárín ìlú títí di òní. Ìyẹn ni pé kì í ṣe ìgbà tí fásitì dé ni ọgbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ náà.

Kí ló mú Zik yan ibẹ̀?

Ọ̀dọ́kùnrin ni Nnamdi Azikiwe nígbà tó lọ sí Amẹ́ríkà ní àárín àwọn ọdún 1920. Ó ṣe iṣẹ́ ọwọ́ láti fi rán ara rẹ̀ níléèwé, ó lọ sí Storer, ó lọ sí Howard, ó sì gboyè ní Lincoln, àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Ohun tó rí níbẹ̀ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀: pé ọmọ tálákà lè wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, kó máa ṣiṣẹ́, kó sì máa kàwé.

Nígbà tó di olórí ìjọba ẹkùn Ìlà-Oòrùn, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ẹkùn náà ṣe òfin ní ọdún 1955 láti dá fásitì sílẹ̀. Lásìkò yẹn, kọ́lẹ́ẹ̀jì fásitì tó wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1948 nìkan ni Nàìjíríà ní, abẹ́ fásitì Lọ́ńdọ̀nù ló sì wà. Ìwé ẹ̀rí Lọ́ńdọ̀nù ni akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn ń gbà títí di ọdún 1962 tó dá dúró. Zik kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Fásitì tí yóò máa fún ọmọ tirẹ̀ ní oyè tirẹ̀ ló fẹ́, tí yóò sì máa kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀, ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìtọ́jú ilé, eré ìdárayá àti iṣẹ́ ìròyìn. Àwọn kan tó ti gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, wọ́n ní ta ló ń lọ sí fásitì láti lọ kọ́ bí a ṣe ń dáko.

Fásitì ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà ló bá wọn gbé e kalẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú kan, George Marion Johnson, agbẹjọ́rò tó ti jẹ́ olórí ẹ̀ka òfin ní Howard, ló kọ́kọ́ jẹ gíwá rẹ̀. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹwàá, ọdún 1960, ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn tí Nàìjíríà gba òmìnira, ni wọ́n ṣí i. Akẹ́kọ̀ọ́ 220 àti olùkọ́ 13 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí àmì rẹ̀ ni pé àwọn fẹ́ dá iyì ọmọ ènìyàn padà.

Ẹ jẹ́ kí n ya díẹ̀ síbí, nítorí àwa tí a ń jẹun nídìí iṣẹ́ ìròyìn jẹ Nsukka ní gbèsè. Ní ọdún 1961 ni wọ́n dá ẹ̀ka ìkọ́ṣẹ́ ìròyìn sílẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n sì fi orúkọ John Payne Jackson sọ ọ́, akọ̀ròyìn tó fi ìwé ìròyìn rẹ̀ gbéná wojú àwọn òyìnbó amúnisìn ní Èkó. Ṣáájú ìgbà náà, ẹ̀yìn ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn wa ti kọ́ṣẹ́, bí ẹni kọ́ iṣẹ́ télọ̀.

Báyìí ni ìlú àgbẹ̀ bá ara rẹ̀ pẹ̀lú olùkọ́ láti Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ láti oríṣiríṣi ẹkùn, iná mànàmáná nínú ọgbà, òkùnkùn lẹ́yìn ọgbà. Iṣẹ́ ilé ni ọ̀pọ̀ ọmọ abúlé àyíká kọ́kọ́ bá dé inú fásitì: wọ́n ń dáná, wọ́n ń gé koríko, wọ́n ń fọ aṣọ olùkọ́. Bí ẹ bá ti ka ìwé Chimamanda Ngozi Adichie tó jáde ní ọdún 2006, *Half of a Yellow Sun*, ẹ ó rántí Ugwu, ọmọ ọ̀dọ̀ tó ti abúlé wá sílé olùkọ́ kan ní Nsukka. Ìtàn àròsọ ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí Ugwu gbà wọlé yẹn, òun ni ọ̀pọ̀ ará ìlú náà gbà.

Ẹ tún wo orúkọ àwọn họ́stẹ̀l. Balewa wà níbẹ̀, Bello wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Nkrumah àti Mary Slessor. Ọmọ Sókótó ni Bello, olórí Gánà ni Nkrumah, òyìnbó Scotland ni Slessor. Ẹni tó sọ wọ́n lórúkọ bẹ́ẹ̀ rò pé gbogbo Áfíríkà ni yóò máa sùn níbẹ̀.

Ọdún tí géètì kọ́kọ́ tì

Wàhálà ọdún 1966 ló ba èrò yẹn jẹ́. Lẹ́yìn ìfipá-gbàjọba méjì àti ìpakúpa tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn Ìgbò àti ará Ìlà-Oòrùn mìíràn ní àríwá, ọmọ Ìlà-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í sá padà sílé, akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ fásitì sì wà lára wọn. Nsukka, tó jẹ́ fásitì tó kù fún wọn nílé, kún àkúnya. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, Ojukwu, gómìnà ológun ẹkùn náà, pàṣẹ pé kí àwọn tí kì í ṣe ọmọ Ìlà-Oòrùn máa lọ, pé òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ààbò wọn mọ́. Ẹrù kan ń wọlé, ẹrù kejì ń jáde.

Ẹni tó jẹ gíwá lásìkò náà kì í ṣe àjèjì sí àwa ará ìwọ̀-oòrùn. Eni Njoku ni, ẹni tó kọ́kọ́ jẹ gíwá fásitì Èkó, kí ìjà tó dé ní ọdún 1965, nígbà tí wọ́n fi Saburi Biobaku rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan lára àwọn olùkọ́ tó bá a kúrò ní Èkó ló bá dé Nsukka.

Nígbà tí Ojukwu kéde Biafra ní ọjọ́ 30, oṣù Karùn-ún, ọdún 1967, wọ́n yí orúkọ fásitì náà padà sí fásitì Biafra. Orúkọ yẹn kò tíì mọ́ wọn lẹ́nu tí ogun fi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6, oṣù Keje. Ẹ̀bá ààlà ni Nsukka wà, nítorí náà ó wà lára ibi tí ogun kọ́kọ́ bá. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ fi gbà á. Akẹ́kọ̀ọ́ tú ká. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin wọ iṣẹ́ ológun, àwọn olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kan sì lọ bá Biafra ṣe ohun ìjà àti epo ọkọ̀.

Lára àwọn tó kú sí agbègbè Nsukka lọ́dún náà ni Christopher Okigbo, akéwì. Ọmọ Ìbàdàn ni ní ti ẹ̀kọ́, ó ti ṣe olùkọ́ ní Fìdítì nítòsí Ọ̀yọ́, kó tó wá di òṣìṣẹ́ ní ilé ìkàwé fásitì Nsukka nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i. Ọmọ ọdún márùndínlógójì ni nígbà tó kú, ìbọn ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n padà sí yàrá tí kò ní àga

Ogun parí ní oṣù Kíní ọdún 1970. Kí ọdún náà tó pé, fásitì ti ṣí padà, ó sì ti gba orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ padà. Mo rò pé èyí ni ohun tó yani lẹ́nu jù nínú ìtàn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sábà sọ ọ́.

Ẹ fojú inú wo ohun tí wọ́n padà sí. Ilé ti bàjẹ́, ìwé inú ilé ìkàwé ti ṣòfò, ẹ̀rọ yàrá ìwádìí ti lọ, àga àti tábìlì kò sí. Akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù láti gbọ́ ẹ̀kọ́. Àwọn kan nínú wọn ti wọ ogun gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ológun, wọ́n sì tún wá di ẹni tí olùkọ́ ń pe orúkọ rẹ̀ ní kíláàsì.

Owó wá ńkọ́? Ìjọba ní kí ẹni tó bá ní owó ní báǹkì lásìkò Biafra gba ogún pọ́ùn péré, iye yòówù kó fi pamọ́ síbẹ̀. Òbí tó ti tọ́jú owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mẹ́ta kí ogun tó dé, ogún pọ́ùn. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ àti oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú inú ọgbà fi ṣe pàtàkì nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gba fásitì náà sọ́wọ́ ní ọdún 1973.

Nínú ahoro yẹn náà ni Chinua Achebe ti dá ìwé lítíréṣọ̀ *Okike* sílẹ̀ ní ọdún 1971. Uche Okeke ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà láti fi uli, ọnà tí obìnrin Ìgbò ń yà sára àti sára ògiri, ṣe àwòrán òde òní. Ní ọdún 1975, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Gánà kan, El Anatsui, wá bá wọn kọ́ni. Ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Ìdérí ìgò ọtí tí àwọn ènìyàn dànù ní agbègbè Nsukka ló padà so pọ̀ di aṣọ ńlá tí àwọn ilé ọnà káàkiri ayé ń gbé kọ́ sára ògiri.

Ìgbà tí oúnjẹ kúrò nínú ọgbà

Bí ẹ bá bá ẹni tó ka fásitì ní àwọn ọdún 1970 sọ̀rọ̀, kò ní pẹ́ kó tó dárúkọ adìyẹ. Ilé oúnjẹ ńlá wà nínú ọgbà, ìjọba ń san èyí tó pọ̀ jù nínú owó oúnjẹ, akẹ́kọ̀ọ́ á fi káàdì gba oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ìgbà yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ Nsukka lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láì dé ọjà Ogige tó wà láàárín ìlú. Kí ló fẹ́ lọ rà?

Ní ọdún 1978, ìjọba ológun fi owó kún owó oúnjẹ, láti náírà kan ààbọ̀ lójúmọ́ sí náírà méjì. Àádọ́ta kọ́bọ̀ lójú ẹni tó bá ń ka ìtàn yìí lónìí lè má jẹ́ nǹkan kan, àmọ́ òun ló dá ìwọ́de "Ali Must Go" sílẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ wá láti ara Ahmadu Ali tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà fún ètò ẹ̀kọ́. Segun Okeowo, akẹ́kọ̀ọ́ fásitì Èkó, ló darí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ gbogbogbòò. Ìwọ́de náà tàn ká àwọn fásitì, ìbọn dún, akẹ́kọ̀ọ́ sì kú ní Zaria àti ní Èkó.

Owó ìrànwọ́ oúnjẹ náà kò pẹ́ rárá lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tó fi di àárín àwọn ọdún 1980, ìjọba ti yọwọ́ pátápátá. Àwọn tó kọ ìtàn fásitì sábà máa ń ka èyí sí òpin ayé dáadáa, wọn kò sì purọ́. Àmọ́ ní ti Nsukka, ọjọ́ yẹn gan-an ni ìlú àti ọgbà tó di ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ ra sítóófù, ó ra ìkòkò, ó jáde lọ sọ́jà. Ìyá olóúnjẹ sì gbé igbá rẹ̀, ó wọlé.

Okpa ni ọba oúnjẹ yìí. Ẹ̀wà kan tó ń so nínú ilẹ̀ bí ẹ̀pà ni wọ́n ń lọ̀ di ìyẹ̀fun, wọ́n á fi epo pupa, ata àti omi pò ó, wọ́n á dì í sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ọ̀rá, wọ́n á sì sè é. Ẹni tó bá ń jẹ mọ́ínmọ́ín yóò mọ̀ ọ́n lójú, àmọ́ ó le jù ú lọ, ó sì ń dúró nínú. Gbígbóná ni wọ́n ń jẹ ẹ́. "Okpa di ọkụ" ni àwọn obìnrin tó ń kiri rẹ̀ máa ń ké láàárọ̀, ìyẹn ni pé okpa gbígbóná rèé. Ẹyọ kan àti ife omi kan, akẹ́kọ̀ọ́ lè fi dé ọ̀sán.

Yàrá náà tẹ̀lé oúnjẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ ń pọ̀ sí i, họ́stẹ̀l kò pọ̀ tó. Ará ìlú tó ní ilẹ̀ ní Odenigwe, ní Hilltop, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Behind Flat, wó ògiri amọ̀, wọ́n kọ́ ilé alájà. "Lodge" ni akẹ́kọ̀ọ́ ń pè wọ́n. Oko iṣu bàbá àgbà di yàrá mẹ́rìnlélógún, ìkórè rẹ̀ sì di ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, lọ́jọ́ tí owó ilé bá pé.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ń béèrè kí ó tó gba yàrá kì í ṣe iná. Omi ni. Orí ilẹ̀ gíga ni Nsukka wà, odò ńlá kò sí nítòsí, omi inú ilẹ̀ sì jìn. Nítorí náà, àwọn onílé máa ń gbẹ́ kòtò oníkọnkéré láti fi gba omi òjò láti orí òrùlé, bí òjò bá sì dáwọ́ dúró, ọkọ̀ táńkà ni yóò máa já omi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi láàárọ̀ kùtù kí ó tó lọ sí kíláàsì kì í ṣe ohun tuntun. Ọ̀pọ̀ ẹni tó jáde níbẹ̀ lè má rántí orúkọ olùkọ́ wọn, kò sì sí èyí tí yóò gbàgbé kẹ́ẹ̀gì.

Géètì tún tì

Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ìyanṣẹ́lódì ASUU àti àrùn Kòrónà pàdé. Ó di oṣù Kejìlá kí ASUU tó dá iṣẹ́ padà. Ọdún kan àti díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ti oṣù mẹ́jọ ọdún 2022 tún dé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ará Nsukka ṣe ń ṣírò rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ti san owó ilé ọdún kan. Oṣù mẹ́jọ nínú ọdún yẹn, ilé bàbá rẹ̀ ló wà. Onílé kò dá owó padà, nítorí ó ti ná an, ó sì lè jẹ́ pé òun náà yá owó kọ́ ilé ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dé, ọdún ti pé, owó tuntun ti tó. Akẹ́kọ̀ọ́ pe onílé ní aláìláàánú, onílé ní kì í ṣe òun ni olórí ASUU. Àwọn méjèèjì ló jàre, àwọn tó sì fa wàhálà náà wà ní Abuja, wọn kò mọ̀ wọ́n rí.

Èyí tó tún wá fi kún un ni jíjókòó sílé ọjọ́ Ajé. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2021 tí IPOB ti pàṣẹ rẹ̀ nítorí àtìmọ́lé Nnamdi Kanu ni ọjọ́ Ajé ti di ọjọ́ ìbẹ̀rù ní ìlà-oòrùn gúúsù. IPOB ní àwọn ti fagi lé e, àwọn mìíràn ń fi ìbọn mú un ṣẹ. Ìwọ tí ìdánwò rẹ bọ́ sí ọjọ́ Ajé, kí ni wàá ṣe?

Ìbéèrè yìí kan náà ni ìyá olókpa ń gbé sùn ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Kí ó tó wọn ìyẹ̀fun sínú ọpọ́n, ó ní láti mọ̀ bóyá ilé ẹ̀kọ́ ṣì wà ní ṣíṣí, kó sì mọ̀ bóyá àwọn ènìyàn yóò jáde lọ́la. Okpa tó bá tutù, ẹni mélòó ló ń rà á? Á tan rédíò kékeré rẹ̀, á gbọ́ ìròyìn dé ìparí, á sì wọn ìyẹ̀fun.